Bí Port Harcourt ṣe bọ́ ní 1968, àti ìdí tó fi yẹ kí àwa Yorùbá Enugu mọ ìtàn náà délẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni mo gbé wá lónìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ rèé. Àwọn ọmọ wa kan fẹ́ràn láti máa fi orúkọ Adékúnlé yangàn. Wọ́n á ní, "Black Scorpion, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló gba Port Harcourt!" Wọ́n á sọ ọ́ láàárín ọjà, lójú àwọn tá a jọ ń tajà, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ eré bọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni pé òun ló gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa pìtàn, kó pa á délẹ̀. Ìdajì ìtàn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Enugu wa níbí. Kò tíì sí ìlú kankan tó ń jẹ́ Port Harcourt nígbà tí wọ́n rí èédú lórí òkè Udi. Ní 1909 ni àwọn òyìnbó tó ń wá ohun inú ilẹ̀ kiri rí i. Èédú ayé ìgbà yẹn dà bí epo rọ̀bì ayé òde òní. Òun ni ọkọ̀ ojú irin ń jẹ, òun ni ọkọ̀ ojú omi ń jẹ. Ṣùgbọ́n èédú tó wà lórí òkè, tí kò rí ọ̀nà dé etí òkun, òkúta lásán ni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí omi ti jìn tó kí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀. Wọ́n rí ibì kan lórí odò Bonny, lórí ilẹ̀ àwọn Ikwerre. Ní 1913, Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt sọ ibẹ̀, ìyẹn ọ̀gá tó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso lókè òkun. Wọ́n gbé ojú irin láti ibẹ̀ wá sí Enugu, nǹkan bí 240 kìlómítà. Ó parí ní 1916, èédú sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi.

Ẹ rí i pé èédú Enugu ló bí Port Harcourt. Ojú irin kan náà ló kó ọ̀pọ̀ àwọn baba wa wá síbí. Àwọn kan jẹ́ akọ̀wé rélùwéè, àwọn kan jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn mìíràn kó aṣọ àti obì tẹ̀lé wọn. Torí náà, ìtàn ìlú yẹn kì í ṣe ìtàn ibòmíràn fún wa.

Nígbà tó fi máa di 1967, Port Harcourt ti kúrò ní ìlú èédú. Wọ́n ti rí epo ní Oloibiri ní 1956. Ní 1958, epo rọ̀bì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà tà sókè òkun gba Port Harcourt jáde. Ní 1965, wọ́n ṣí ilé ìfọpo ní Alesa-Eleme, nítòsí ibẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ ní Trans-Amadi. Pápákọ̀ òfurufú wà níbẹ̀. Ní Afam, tí kò jìnnà, ni iná mànàmáná ti ń wá. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ wò ó: epo, iná, ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ojú omi, ojú irin. Bí Ìlà-Oòrùn bá jẹ́ ilé, Port Harcourt ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ló mọ ohun tó máa wọlé àti ohun tó máa jáde.

Ìjà dé. Mi ò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ, ọ̀pọ̀ wa ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n pa àwọn ọmọ Ìgbò púpọ̀ ní Òkè-Ọya ní 1966, àwọn tó kù sì ń sá bọ̀ wálé, tíréènì lórí tíréènì. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Ojukwu ní kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìlà-Oòrùn máa lọ sílé wọn, pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ewu ò ní wu wọ́n. Àwọn baba wa tó wà ní Enugu àti Port Harcourt wà lára àwọn tó palẹ̀ mọ́ lọ́dún náà. Ẹni tó ti lo ogún ọdún, tó ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kó ìwọ̀nba ẹrù tó lè gbé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a máa padà sórí ọ̀rọ̀ dúkìá.

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ọ̀kan nínú wọn ni ìpínlẹ̀ Rivers, Port Harcourt sì ni olú ìlú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ojukwu kéde Biafra, Enugu sì ni olú ìlú. Ẹ wò ó: ìlú kan ṣoṣo ti di ti ẹni méjì lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó yìnbọn. Àwọn onílẹ̀ tó wà ní agbègbè yẹn, àwọn Ijaw, Ogoni, Ikwerre àti àwọn mìíràn, ohùn wọn ò ṣọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń béèrè ìpínlẹ̀ tiwọn tipẹ́. Àwọn mìíràn bá Biafra lọ. Ken Saro-Wiwa, ọmọ Ogoni, òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà, sá bọ́ sọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì fi í ṣe alákòóso Bonny lákòókò ogun.

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje. Ní òpin oṣù yẹn kan náà, Adékúnlé àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba ojú òkun wá, wọ́n sì gba Bonny. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí wà.

Port Harcourt kò sí létí òkun gan-an. Inú ilẹ̀ ló wà, lórí odò. Ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ láti òkun gbọ́dọ̀ gba ẹnu odò Bonny wọlé. Bonny ni òpó ẹnu ọ̀nà. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ogun Nàìjíríà dúró sí Bonny, èbúté Port Harcourt wà níbẹ̀ o, kọ̀rénì wà níbẹ̀, ilé ẹrù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tó máa dé. Ó dà bí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Ogbete, tí wọ́n wá gbẹ́ kòtò sí gbogbo ojú ọ̀nà tó wọ ọjà. Ṣọ́ọ̀bù ò wó, ṣùgbọ́n ọjà ti tán. Biafra gbìyànjú láti gba Bonny padà, wọ́n jà gan-an, kò bọ́ sí i. Bí ẹ bá bi mí, ọjọ́ tí Bonny bọ́ ni Port Harcourt ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Oṣù mẹ́wàá tó tẹ̀lé e, ìfaradà ni.

Kí ló wá kù tí wọ́n fi ń jà nítorí rẹ̀? Ohun méjì ni. Èkíní ni pápákọ̀ òfurufú. Ibẹ̀ ni ìbọn àti ọta tí wọ́n rà nílẹ̀ òkèèrè ń gbà wọlé lóru. Èkejì ni epo. Ilé ìfọpo Alesa-Eleme ló ń gbé mọ́tò Biafra rìn. Bí ohun méjèèjì yìí bá lọ, sójà á máa fẹsẹ̀ rìn, ìbọn á sì di igi.

Àwọn ẹ̀ka yòókù ń gé lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wọ Enugu wa yìí láti ọ̀nà Nsukka. Ìjọba Biafra kó lọ sí Umuahia. Ní ọjọ́ 18 oṣù kan náà, Adékúnlé gba Calabar. Láti gbogbo ibi tó ń bọ́ yìí ni àwọn èèyàn ti ń sá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lọ sí Port Harcourt, nítorí wọ́n rò pé ibẹ̀ ni ibi ìkẹyìn tí Biafra máa jẹ́ kó bọ́. Ìlú náà kún débi pé ẹbí mẹ́ta mẹ́rin ń gbé yàrá kan. Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí arọ bá gbọ́, níbo ló máa wọ́ lọ nígbà tí iná ń jó níwájú, tó ń jó lẹ́yìn?

Lóṣù kẹrin ọdún 1968, ìjà dé tòótọ́. Àwọn ọmọ ogun Adékúnlé, àwọn tó sọ ní Third Marine Commando, kò wá láti iwájú nìkan. Láti Bonny, omi àti ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, igi ẹ̀gbà dí ojú ọ̀nà, ẹni tó bá wá síbẹ̀ á rì sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ kó tó débi ìjà. Agbára ìkọlù náà gba ìlà-oòrùn wá. Láti Calabar, wọ́n sọdá sí Oron, wọ́n dé Uyo, wọ́n dé Opobo, wọ́n sọdá odò Imo, wọ́n bọ́ sí ilẹ̀ Ogoni. Ilẹ̀ gbígbẹ nìyẹn, mọ́tò lè rìn níbẹ̀. Wọ́n ń gba ìlú lẹ́yìn ìlú bọ̀ níhà Port Harcourt. Afam bọ́, Alesa-Eleme bọ́. Lára àwọn ọ̀gá tó wà nínú ẹgbẹ́ ogun yẹn ni Àlàní Akínrìnádé, ọmọ Yákòóyò lọ́nà Ifẹ̀, àti Godwin Alabi-Isama. Àwọn ọmọ tiwa pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn tó ń gbèjà ìlú ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo, kò sí ọ̀lẹ níbẹ̀. Ìbọn ni ò tó. Ọmọ ogun pọ̀ ju ìbọn lọ, ìbọn pọ̀ ju ọta lọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn oníṣòwò, àwọn akọ̀wé, àwọn tí kò tíì di ìbọn mú rí, ni wọ́n kọ́ fún ìwọ̀nba ọjọ́ tí wọ́n sì kó lọ síwájú. Nígbà tí ọta tán, wọ́n fi ọgbọ́n orí dí i. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wọn, àwọn olùkọ́ yunifásítì àti àwọn ẹnjiníà, ṣe bọ́ǹbù kan tí wọ́n ń pè ní ogbunigwe. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni apa-ọ̀pọ̀-lẹ́ẹ̀kan. Irin jáganjàgan ni wọ́n ń rọ sínú agolo ńlá, wọ́n á gbé e sójú ọ̀nà, wọ́n á dúró de ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló bá a lọ, àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn.

Ẹni tí Ojukwu ní kó dúró ti ìlú náà nígbẹ̀yìn ni Joe Achuzia, ọmọ Asaba. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ni Air Raid. Òun ni orúkọ rẹ̀ ti ròkè ní Onitsha ní 1967, nígbà tí Murtala Muhammed kó àwọn ọmọ ogun sínú ọkọ̀ ojú omi láti Asaba, tí wọ́n fẹ́ sọdá odò Ọya, tí Biafra sì lé wọn padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n rò pé ohun tó ṣe ní Onitsha, á tún un ṣe ní Port Harcourt. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ní Onitsha, odò ńlá wà láàárín òun àti ọ̀tá, afárá sì ti já. Ní Port Harcourt, ọ̀tá ti sọdá odò kí wọ́n tó fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Akínkanjú kì í fi ìgboyà nìkan dí ọ̀nà.

Ohun kan tún wà tó ba ìlú jẹ́ láti inú, ìfura ni. Ọ̀rọ̀ kan gbòde tí wọ́n ń pè ní "sabo", ìyẹn ọ̀dàlẹ̀ tó ń bá ọ̀tá ṣiṣẹ́ ní kọ̀rọ̀. Bí ibì kan bá bọ́, wọ́n á ní sabo ló tà á. Ojú wọn sì máa ń lọ sára àwọn onílẹ̀, àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n mú àwọn kan, wọ́n fìyà jẹ àwọn kan. Ẹni tó ṣeé ṣe kó bá wọn gbèjà ìlú, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀tá. Nígbà tí Nàìjíríà dé, àwọn kan lára wọn náà gbẹ̀san lára àwọn Ìgbò aládùúgbò wọn. Ọgbẹ́ yẹn ò tíì san tán títí dòní. Ẹni tó bá mọ Port Harcourt dáadáa á jẹ́rìí mi.

Bí ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn ṣe rí nìyí. Ìbọn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò sórí ìlú, ọta rẹ̀ ń bọ́ sórí ilé àti sí ojú títì. Àwọn èèyàn tú síta lọ́sàn-án lóru, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Aba àti ọ̀nà Owerri. Mọ́tò díẹ̀, kẹ̀kẹ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ ló pọ̀ jù. Bàbá kan wà ní àdúgbò mi níbí tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Ó sọ fún mi pé ìyá òun gbé ìkòkò ọbẹ̀ lérí nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sè é, kò fẹ́ kó ṣòfò, òun sì gbé àbúrò òun pọ̀n. Ilé tí bàbá wọn fi owó iṣẹ́ èbúté kọ́, wọ́n tì í ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní kọ́kọ́rọ́ yẹn wà lọ́wọ́ ìyá òun títí ó fi kú.

Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1968, Port Harcourt bọ́ sọ́wọ́ Adékúnlé. Ìjà ṣì ń lọ ní eteetí ìlú fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó ti tán.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Ọjọ́ kejì gan-an, ọjọ́ 20, ni orílẹ̀-èdè Zambia kéde pé òun gba Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Tanzania, Gabon àti Ivory Coast ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Bí ọ̀rẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i níta ni ilé ń jó nínú. Ní ọjọ́ 23, wọ́n jókòó ìpàdé àlàáfíà ní Kampala. Àwa ọlọ́jà mọ bó ṣe máa ń rí bí ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná lánàá bá wá ná ọjà lónìí. Nàìjíríà ò rí ìdí tó fi máa dín owó, Biafra ò sì rí ohun tó máa gbé kalẹ̀. Ìpàdé tú ká láìsí àdéhùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ogun ti parí nígbà yẹn. Ọgbọ́n orí ni: ẹni tí kò ní èbúté, tí kò ní ilé ìfọpo, tí kò ní pápákọ̀ òfurufú, kí ló fẹ́ fi jà? Adékúnlé fúnra rẹ̀ fọ́nnu pé òun máa gba Owerri, Aba àti Umuahia kíákíá. Ó gba Aba àti Owerri lóòótọ́, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1968. Umuahia ò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1969, Biafra gba Owerri padà. Oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Adékúnlé, wọ́n gbé e fún Ọbásanjọ́. Ogun ò parí títí di oṣù kìíní ọdún 1970. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti ọjọ́ tí Port Harcourt bọ́ títí dé ọjọ́ tí ìbọn dákẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù 20.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé lọ sílé rèé, ẹ̀yin èèyàn mi. Bíbọ́ Port Harcourt kò fòpin sí ogun. Ṣe ló yí i padà. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, sójà ló ń kú jù. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ọmọ ọwọ́ àti àgbàlagbà ló ń kú jù, ebi ló sì ń pa wọ́n.

Biafra ò rí etí òkun mọ́. Ilẹ̀ tó kù kún fún èèyàn tó sá wá láti ibi gbogbo, oúnjẹ ò sì wọlé. Ẹran tó ń wá láti Òkè-Ọya ti dúró, ẹja tó ń wá láti odò ti dúró, iyọ̀ di wúrà. Gbágùúdá nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ara àwọn ọmọdé wú, irun wọn pọ́n, ikùn wọn yọ síta. Àìsàn tí dókítà ń pè ní kwashiorkor nìyẹn, orí Biafra ni gbogbo ayé ti mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n sọ ojú títì kan ní Uli di pápákọ̀ òfurufú. Òru nìkan ni ọkọ̀ ń balẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á tan iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á tún pa á. Àwọn ìjọ Kristẹni ilẹ̀ òkèèrè ń kó oúnjẹ àti oògùn wá láti erékùṣù São Tomé. Ẹja gbígbẹ tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko wà lára ohun tó gba ẹ̀mí ọmọ púpọ̀ là. Torí náà, nígbà míì tẹ́ ẹ bá rí ìyá arúgbó tó ń fi ìfẹ́ wo okporoko ní ọjà, ẹ má rò pé ọbẹ̀ nìkan ló ń rò.

Adékúnlé sọ̀rọ̀ fún àwọn oníròyìn òkèèrè lọ́dún náà pé òun ò fẹ́ rí Red Cross lójú ogun. Ọ̀rọ̀ yẹn tàn ká gbogbo ayé, àwọn èèyàn ibí ò sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀bi ò sí lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo o. Ìjọba àpapọ̀ ní kí oúnjẹ gba orí ilẹ̀ wọlé, Ojukwu kọ̀, ó ní wọ́n lè fi májèlé sí i, àti pé ọ̀nà tí oúnjẹ bá gbà ni sójà máa gbà. Bí àwọn àgbà ṣe ń jiyàn lórí ọ̀nà ni àwọn ọmọ ń kú. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ dúkìá tí mo ní a máa padà sí nìyí. Nígbà tí ogun parí, Gowon ní kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tá a ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò tó padà sí Port Harcourt bá ẹlòmíràn nínú ilé wọn. Wọ́n pe àwọn ilé yẹn ní dúkìá tí wọ́n pa tì. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, tó sá fún ọta ìbọn, wọ́n ní ó pa ilé tì. Ẹni tó sì ní owó ní báńkì kó tó di ogun, ó ṣe é ṣe kó jẹ́ pọ́n-ún 20 péré ni wọ́n fún un, iye yòówù kó ní. Kò sí oníṣòwò tó gbọ́ èyí tí àyà rẹ̀ ò ní já.

Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá? Àwa náà àjèjì ni wá níbí. Àwọn baba wa ti ṣọ́ọ̀bù ní Enugu ní 1966, wọ́n sá. Àwọn Ìgbò ti ilé ní Port Harcourt ní 1968, wọ́n sá. Orúkọ ló yàtọ̀, ohùn kọ́kọ́rọ́ kì í yàtọ̀.

Ẹ tún má gbàgbé pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kọ́ ni Yorùbá wà. Victor Bánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ṣáájú àwọn ọmọ ogun Biafra tó sọdá odò Ọya ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, tí wọ́n gba Benin, tí wọ́n dé Ọ̀rẹ̀. Ojukwu ní ó dìtẹ̀ mọ́ òun. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, níbí, ní Enugu yìí, ni wọ́n ti yìnbọn pa á pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ka orúkọ Yorùbá nínú ogun yẹn, ẹ ka Adékúnlé, ẹ ka Akínrìnádé, ẹ ka Bánjọ náà, kẹ́ ẹ sì ka àwọn ọmọ tálákà láti Ọ̀yọ́, Èkìtì àti Ìlọrin tí ogbunigwe pa lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, tí kò sí ẹni tó mọ sàréè wọn.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa tijú pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gba Port Harcourt. Sójà ni, wọ́n rán an níṣẹ́, ó ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọjọ́ tí à ń pè ní ọjọ́ ìṣẹ́gun ni ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìẹ ń pè ní ọjọ́ tí ebi wọlé wọn. Ọjọ́ kan náà ni. Bí àwọn ọmọ wa bá mọ èyí, wọn ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ọjà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni irú yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí etí ẹni tí kò ní sùúrù, kí ọ̀rọ̀ tá ò mọ̀dí rẹ̀ tó sọ ara wa di ẹni tí wọ́n ń wò pẹ̀lú ìfura. A sì ti rí ohun tí ìfura ṣe fún Port Harcourt.

Ẹ̀yin òbí, ẹ pe àwọn ọmọ yín jókòó, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wọn délẹ̀. Ẹni a bá lábà ni baba. Ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ gbé Enugu tàbí Port Harcourt kí ogun tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rántí sísàlẹ̀ ibí: àdúgbò tẹ́ ẹ gbé, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe, ẹni tó bá yín ṣọ́ ilé. Àwọn kan wà tí àwọn aládùúgbò wọn ọmọ Ìgbò bá tọ́jú ẹrù, tó jẹ́ pé wọ́n bá a bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ìyẹn náà yẹ kó wà nínú ìtàn.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ogun. Àwọn ọmọ wa ò ní fi ilé wọn sílẹ̀ sá.